Ara Yíyún

Òòyà onígi ni Bọ́lánlé fi ń họ àtẹ́lẹsẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1984, nígbà tí Susannah, ìyá rẹ̀, wọ yàrá. Ó ń họ ọ́ kíkankíkan, omi ń dà lójú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí oyún rẹ̀ pé.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ kẹsàn-án rèé, Màmá. Mi ò lè sùn mọ́."

Susannah ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Ayépé, àmọ́ ìwà ọ̀fíntótó ò tíì kúrò lára rẹ̀. Ó wọ awò, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lé itan, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ohun tó sú, kò sí ìléròrò, àfi ipa èékánná. Àtẹ́lẹwọ́ náà bẹ́ẹ̀. Kí ló lè máa yúnni báyìí tí kò hàn lára? Kò tilẹ̀ dúró jẹun. Àwọn méjèèjì wọ mọ́tò, ó di ọsibítù ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Dókítà Frederick ò wo ẹsẹ̀. Ojú Bọ́lánlé ló kọ́kọ́ là wò, ó sì ní kó lọ tọ̀ wá. Ìtọ̀ náà dúdú bíi tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí.

"Ẹ̀dọ̀ ni," ó wí.

"Ẹ̀dọ̀ ló ń yún un lẹ́sẹ̀?"

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Oyún máa ń ni ẹ̀dọ̀ àwọn obìnrin kan lára. Òróòro á wá máa dà sínú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ inú ló léwu fún jù. Ṣé ó ti ṣe ẹnikẹ́ni rí nínú ìdílé yín?"

Susannah yọ awò. Bọ́lánlé yíjú sí i.

"Ó ṣe mí. Lẹ́ẹ̀mẹta. Ara yún mi báyìí náà, mi ò mọ̀ pé àìsàn ni. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kú sínú mi. Wọ́n ní nǹkan wúwo ni mò ń gbé."

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Òun lẹ jókòó tì yìí. Mo yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn iléèwé, mo sì bí i lọ́jọ́ kejì. Oṣù kan ló kù kí ọjọ́ rẹ̀ pé."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. "A ò ní dúró. Lónìí la máa fi oògùn mú kó rọbí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Bọ́lánlé bí obìnrin, tíńtín, tó ń ké bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Susannah gbé e mọ́yà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń tọrọ ìdáríjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run nítorí ìṣubú ọjọ́ náà. Ká ní kò ṣubú, bóyá Bọ́lánlé náà ì bá ti bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ó gbìyànjú láti rántí àtẹ̀gùn yẹn, bóyá òjò ló pa á, bóyá ó sán. Ó wù ú kó padà lọ wò ó.