Oníìdúró Kàdírì

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ọdún 2025, ọjọ́ Ajé, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń ṣe gàrí ní Ìpàpó pe Kàdírì lórí fóònù pé àwọn kò ní ra ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ mẹ́fà tí àwọn bá a sọ mọ́, àfi bí ó bá ní àlàyé. Aago méje àárọ̀ kò tíì lù. Irin tí ó ń fi iná jó pọ̀ lọ́wọ́ ṣì ń yọ èéfín.

"Àlàyé kí ni?"

"Ẹ lọ wo Gúgù," ni obìnrin náà wí. "A tẹ orúkọ yín síbẹ̀ kí a lè mọ irú ẹni tí a fẹ́ gbé iṣẹ́ fún. Ohun tí a kọ́kọ́ rí kò dùn mọ́ wa nínú. A ní ìpàdé nírọ̀lẹ́ òní. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀, kí ó dé kí aago márùn-ún tó lù."

Kàdírì mọ ohun tí wọ́n rí. Láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ni ó ti wà níbẹ̀: ìràwọ̀ kan péré, àti gbólóhùn kan lábẹ́ rẹ̀, *Ẹ má ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí.* Ẹni tí ó kọ ọ́ pe ara rẹ̀ ní Àwáwù Ìlúà. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ó ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù Kàdírì ní Ṣakí. Bí ti Ìpàpó bá tún bọ́, yóò ti ilẹ̀kùn ibi tí bàbá rẹ̀ ti rọ ọkọ́ àti àdá fún ogójì ọdún.

Ó nílò ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, ẹni tí ó lè mú kí orúkọ rere ọlọ́jà máa jáde lókè nígbà tí ènìyàn bá ń wá nǹkan lórí Gúgù. Ṣùgbọ́n ó ti wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 2023, ọkùnrin kan gba páásíwọ̀ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀, ó yọ nọ́ńbà Kàdírì kúrò lójú ewé ṣọ́ọ̀bù náà lórí Gúgù, ó fi tirẹ̀ síbẹ̀. Fún ọjọ́ mọ́kànlélógójì, ẹni tí ó bá fẹ́ pe Kàdírì, ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà ni ìpè rẹ̀ ń lọ. Kàdírì lè ka àwọn ọjọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ títí di òní, èyí tí ó sùn láìjẹun àti èyí tí wọ́n kọ̀ láti yá a ní pẹtiróòlù. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, a máa wí nínú ara rẹ̀. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ní aago mẹ́jọ ó pe Ayọ̀dàmọ́lá, tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn.

"Alhaji, ẹ fọkàn balẹ̀."

"Mi ò tíì lọ Mẹ́kà."

"Gúgù á gbé yín débẹ̀. Kí ẹ tó ṣínu lónìí, ogójì èèyàn á ti jẹ́rìí pé ẹ̀rọ yín dára. Ọ̀rọ̀ burúkú yẹn á lọ sísàlẹ̀ pátápátá."

"Ogójì èèyàn wo?"

"Ẹ̀yin náà. Èèyàn ṣáà ni."

"Ṣé o ní oníìdúró?"

Ayọ̀dàmọ́lá rẹ́rìn-ín. "Bí ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́? Iṣẹ́ mi ni oníìdúró mi. Ẹ ṣáà fi páásíwọ̀ọ̀dù ránṣẹ́."

Kàdírì ní òun yóò pè é padà. Ààwẹ̀ kẹtàdínlógún ni, ọ̀fun rẹ̀ sì ti ń gbẹ. Ogójì ẹ̀rí èké, nínú oṣù yìí. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kò pa nọ́ńbà náà rẹ́.

Olúwakẹ́mi dé ní aago mẹ́wàá, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ́ èjìká. Ìyá Faith ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún àwọn tí ń ta òrí nínú ìlú. Kàdírì ti ránṣẹ́ sí i pé kí ó mú oníìdúró wá. Obìnrin náà na lẹ́tà kan sí i.

"Bàbá mi ló kọ ọ́. Wọ́n ní ẹ máa mọ ọwọ́ àwọn."

Kàdírì mọ ọwọ́ náà. Olùkọ́ Akíntọ́lá ni ó kọ́ ọ ní A, B, D ní ilé ìwé alẹ́ lọ́dún 1996, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyá Faith, ṣé o lè gbé mi sókè kí aago márùn-ún tó lù?"

"Rárá o, Bàbá Samsudeen."

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Ó tó oṣù mẹ́ta kí ẹ tó rí ìyàtọ̀. Mo máa ya àwòrán iṣẹ́ yín lọ́kọ̀ọ̀kan, mo máa kọ ìdáhùn sí ohun tí àwọn tó ń wá ẹ̀rọ máa ń béèrè. Mi ò ní ṣèlérí pé ẹ máa ṣe ìkíní. Ẹni tó bá ṣe é, irọ́ ló ń pa. Mi ò sì fẹ́ páásíwọ̀ọ̀dù yín. Ẹ̀yin lẹ máa fi orúkọ mi kún un, ẹ̀yin náà lẹ máa yọ mí lọ́jọ́ tí mo bá ṣe ohun tí kò tẹ́ yín lọ́rùn."

"Ẹnì kan ní kí n tó ṣínu lòun máa parí ẹ̀."

"Ẹ gbé e fún un nígbà náà." Kò bínú. Ó ń nu èérún irin kúrò lórí àga kí ó tó jókòó.

Nínú ọjà tí Kàdírì mọ̀, ẹni tí kò lè yin ọjà rẹ̀, ọjà náà ni kò dára. Ó ti fẹ́ sọ fún un pé kó máa lọ nígbà tí Olúwakẹ́mi ṣí ojú ewé náà sí i níwájú.

"Ta ni Àwáwù Ìlúà?"

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn oníwẹ́dà ẹgbẹ́ mi ni."

"Ẹ ti tẹ àwòrán tó fi sábẹ́ ẹ̀?"

Kò mọ̀ pé àwòrán wà níbẹ̀. Bí ó bá ti rí ìràwọ̀ kan yẹn ni ó máa ń ti fóònù. Olúwakẹ́mi tẹ̀ ẹ́, ó sọ ọ́ di ńlá. Ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ kan ni, lábẹ́ àtíbàbà. Bẹ́líìtì rẹ̀ wà ní ìhòòhò láti ara ẹ́ńjìnnì títí dé ibi tí a ti ń rin ẹ̀gẹ́. Lára ẹsẹ̀ rẹ̀ ni a fi iná kọ K àti D sí, bí bàbá Kàdírì ṣe kọ́ ọ láti máa sàmì sí iṣẹ́.

Kàdírì fa kọ̀ǹpútà náà sún mọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ ní kí n mú oníìdúró wá, mo mú un wá," ni Olúwakẹ́mi wí. "Èmi náà gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí mo fẹ́ fi orúkọ mi tì lẹ́yìn. Obìnrin yìí ni kó ṣe oníìdúró yín. Ẹ jẹ́ ká lọ bá a."

"Ta ló ń gba ta síṣẹ́ níbí?"

"Àwa méjèèjì ni."

Kàdírì wa píkọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ sí Ìlúà. Iná ti jó koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, eruku ń bá wọn wọlé láti ojú fèrèsé. Fóònù rẹ̀ dún, ó ní kí Olúwakẹ́mi bá òun wò ó. Ayọ̀dàmọ́lá ni, ó ti kọ mẹ́wàá sílẹ̀ nínú ogójì ẹ̀rí náà.

"Ìkẹta ní, 'Èmi àti ọmọ mi ti ń lo ẹ̀rọ yìí láti ọjọ́ pípẹ́, kò fún wa ní wàhálà rí.'"

"Pa á rẹ́," ni Kàdírì wí.

Ilé Àwáwù kò ṣòro láti rí; ẹnikẹ́ni tí wọ́n bi léèrè ló mọ ìyá tí ń rin ẹ̀gẹ́. Obìnrin náà rí wọn láti òkèèrè, ó dìde.

"Bàbá Samsudeen oníwẹ́dà, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ wá gbé ẹ̀rọ yín ni?"

Kàdírì ń wo ojú rẹ̀.

"Ẹ ò rántí mi," ni Àwáwù wí. "Oṣù kẹfà ọdún 2023. Irin ti gbówó lórí. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe é fún mi bí agbára mi ṣe mọ. Ẹ ní ẹ máa yọ páànù tó bo bẹ́líìtì. Mo ní ṣé kò léwu. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ẹni tí ojú ẹ̀ bá là kì í ti ọwọ́ bọ ẹnu ajá."

Kàdírì rántí ọdún náà dáadáa. Ó rántí iye tí irin fi kún láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó rántí iye ọjọ́ tí iná kò fi wá. Àwọn páànù tí ó yọ, ó ti kà wọ́n mọ́ ohun tí ọdún náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rántí ojú ẹnì kankan nínú àwọn tí ó yọ wọ́n fún.

"Sodiqat," ni Àwáwù pè.

Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún gbé àpótí ìjókòó jáde. Ó kúnlẹ̀ kí wọn. Ọwọ́ òsì ni ó fi gbé àpótí náà síwájú Kàdírì; èkejì wà lábẹ́ híjáàbù.

"Ẹ má bínú pé òsì ló fi gbé e fún yín," ni ìyá rẹ̀ wí.

Kàdírì yíjú sí Àwáwù. "Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?"

"Mo pè yín. Oṣù kejìlá ọdún yẹn, ilé ìwòsàn ni mo ti pè yín. Mo rí nọ́ńbà yín lórí Gúgù. Ọkùnrin tó gbé e ní òun ni Kàdírì, ó ní kí n má da òun láàmú. Nígbà tí fóònù tó dáa dé ọwọ́ ọmọ yìí lọ́dún yìí, òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́. Ó ní kí ẹlòmíì má baà rà á."

Kàdírì la ẹnu láti sọ pé kì í ṣe òun ni ó gbé ìpè náà. Òótọ́ sì ni. Ó tún pa ẹnu náà dé.

Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ni fóònù dún. Akọ̀wé Ìpàpó ni.

"Ìpàdé ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Bàbá Samsudeen. Ṣé irọ́ ni obìnrin yẹn pa mọ́ yín?"

Àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò ó. Lẹ́yìn ilé, ẹnì kan ń gún nǹkan lódó, ó ń gún un láìsinmi.

"Rárá," ni Kàdírì wí. "Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo yọ páànù ẹ̀rọ náà."

"Ẹ ṣeun," ni akọ̀wé wí, ó sì pa fóònù.

Olúwakẹ́mi fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ yọ, ó gbé e lé itan. "Ẹ fi orúkọ mi kún un," ó ní, ó sì fi ibi tí yóò tẹ̀ hàn án. Kàdírì tẹ̀ ẹ́. "Kí ni kí n kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ Sodiqat?" ni obìnrin náà bi í.

"Kọ ọ́ pé òótọ́ ló sọ. Kí gbogbo ẹni tó ra ẹ̀rọ tí kò ní páànù lọ́wọ́ mi lọ́dún yẹn má lò ó mọ́, kí wọ́n pè mí. Èmi ni mo máa wá bá wọn."

"Àwọn mélòó ni?"

Kàdírì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka kà wọ́n, ó sì dáwọ́ dúró.

"Mi ò mọ̀," ó ní.

Àwọn ará Ìpàpó ra ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní Ìsẹ́yìn. Ìka mẹ́ta ni Sodiqat pàdánù, lọ́wọ́ ọ̀tún.