Fìlà Aláwọ̀ Ewé

Láyé àtijọ́, láàárín ogun àgbáyé kìíní àti èkejì, ni àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Staten Island, ní Amẹ́ríkà, dá àṣà kan sílẹ̀. Wọn ò jẹ́ kó pa rẹ́ títí dòní. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, síníọ̀ á fún ọmọ tuntun kọ̀ọ̀kan ní fìlà aláwọ̀ ewé kan, pélébé báyìí. Ẹni tó bá ti dé e ti di ẹni tí síníọ̀ lè rán níṣẹ́, tó sì lè ní kó kọrin ilé-ìwé ní gbangba. Tó bá di Fúráídè, gbogbo onífìlà á ya fọ́tò, wọn á sì gbé e kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò àwọn ará ìgbà ọjọ́un, àwọn tí táì fún lọ́rùn, tí wọ́n lejú koko bí ẹni pé ẹnì kan jẹ ẹran wọn.

Lọ́dún yìí, Àpèkẹ́ wà lára àwọn ọmọ tuntun, ó sì fẹ́ wà nínú fọ́tò yẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, tó ti ń tọ́jú arúgbó ládùúgbò Park Hill láti ìgbà tó ti dé Amẹ́ríkà, tó tún rán àwọn ọmọ rẹ̀ ní yunifásítì dé òpin. Ní gbogbo ìkẹ́kọ̀ọ́jáde wọn, òun ló máa ń di kámẹ́rà mú. Lọ́tẹ̀ yìí, òun náà fẹ́ bọ́ síwájú ẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, Ṣìmí ló ń pín fìlà. Ọmọ ọ̀rẹ́ Àpèkẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Ṣìmí, ó ti wà ní ọdún kẹrin. Ó ń dé fìlà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pàṣẹ bíi sójà, àfi ìgbà tó kan Àpèkẹ́. Sójà bá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mummy, ẹ má worry, àwọn kids yìí ló wà fún." Ló bá kọjá sọ́dọ̀ ọmọ tuntun kan tó ń jẹ́ Raquel, tó jókòó tẹ̀lé e.

Ó dun Àpèkẹ́ wọra. Wọ́n ń rán Raquel sókè sódò, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọrin, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ti ń di ọ̀rẹ́. Ti Àpèkẹ́, wọ́n kàn ń ṣílẹ̀kùn fún un ni. Kò sẹ́ni tó hùwà ìkà sí i. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Inú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e relé ló ti rántí ọjọ́ tó wọ ilé ọkọ ní Ìsẹ́yìn. Ọmọ ọwọ́ kan wà nínú ilé náà tó ṣì ń mu ọmú. Nítorí pé wọ́n ti bí i kí Àpèkẹ́ tó wọlé, ọkọ ló jẹ́ fún un. Títí dòní, Àpèkẹ́ ò pe orúkọ rẹ̀ rí, Ìdílẹ̀kẹ̀ ló ń pè é. Ara Àpèkẹ́ bá yá gágá.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ilé oúnjẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó gba ìdí tábìlì àwọn síníọ̀ lọ tààrà, ó sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú Ṣìmí.

Ṣìmí fò dìde. "Jésù! Mummy, please, ẹ dìde! Tí mummy mi bá gbọ́, wọ́n máa pa mí!"

"Ẹ jókòó, Eyínfúnjowó," Àpèkẹ́ dáhùn. "Ilé ọkọ ni mo wọ̀ yìí. Ẹ̀yin lẹ ṣáájú mi débẹ̀. Tí wọ́n bá bí ọmọ lónìí, tí ìyàwó wọlé lọ́la, ta ni àgbà?"

Ṣìmí mọ ìdáhùn náà dáadáa. Ìyá tirẹ̀ náà ń pe àbúrò bàbá rẹ̀ ní bọ̀dá.

Síníọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Héctor, ọmọ Puerto Rico láti àdúgbò Soundview, gíga bí òpó iná. Ó ní kí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún òun. Bí Ṣìmí ṣe dé orí "ìyàwó", ńṣe ló lu tábìlì.

"Iyawó! Mo mọ̀ ọ́n!" Ó ní ìyá àgbà òun ń sin òrìṣà, ẹni tí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé níbẹ̀, iyawó lorúkọ rẹ̀, ìbáà ti hewú. Ìyá àgbà ti dàgbà dáadáa kó tó wọlé, ó sì bá ọmọ ilé-ìwé kan níbẹ̀ tó ti ṣáájú rẹ̀. Ọmọ náà ni ìyá àgbà ń forí balẹ̀ fún. "Kò sẹ́ni tó pè é ní ìwọ̀sí. Ẹ fún obìnrin yìí ní fìlà rẹ̀."

Ṣìmí yọ ọ́ nínú báàgì. "Ta ló máa sọ fún mummy mi?"

"Èmi ni," Àpèkẹ́ fèsì.

Ni Ṣìmí náà bá kúnlẹ̀, ó dé e fún un. Irun dídì Àpèkẹ́ pọ̀, fìlà náà gúnwà sórí rẹ̀ bí ọmọrí tó kéré fún ìkòkò.

"Iṣẹ́ ńkọ́?" Àpèkẹ́ bi í.

"Omi," Ṣìmí sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Tí ò bá ní yọ yín lẹ́nu, mà."

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Àpèkẹ́ bu omi wá, ó kọrin ilé-ìwé, ó ṣì í kọ, ó sì sọ Héctor ní Agùntáṣọọ́lò. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sáré dé bọ́ọ̀sì.

Ní Fúráídè, àwọn ọmọ tuntun tò síwájú, àwọn síníọ̀ dúró lẹ́yìn wọn. Ayàfọ́tò wo ìlà náà, ojú rẹ̀ dúró lára Àpèkẹ́. "Excuse me, ma'am. Parents over here, please." Ó rò pé ìyá ẹnì kan ló gba fìlà ọmọ rẹ̀ dé. Ó sì ti mọ́ Àpèkẹ́ lára láti dúró lẹ́yìn kámẹ́rà. Kó tó ronú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbé e lọ.

Ohùn kan là gààrà láti ẹ̀yìn, kò sí 'mummy' níbẹ̀, kò sí 'mà'.

"Ìyàwó! Níbo lò ń lọ? Padà síbí!"

Ṣìmí ni. Ẹ̀rù ohun tó jáde lẹ́nu òun fúnra rẹ̀ bà á, ó bá fọwọ́ bo ẹnu.

"Mo ń bọ̀, ọkọ mi!" Àpèkẹ́ dáhùn, ó sì sáré padà sí ààyè rẹ̀.

Fọ́tò náà ti wà lára ògiri báyìí. Ọwọ́ Ṣìmí ṣì bo ẹnu rẹ̀ níbẹ̀, eyín Àpèkẹ́ ló sì funfun jù nínú gbogbo wọn.