Kunigunde Kò Gbọdọ̀ Gun Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Mìíràn

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni: ọkọ̀ náà kú sójú ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì tó ti lé lógójì ọdún, tí wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù sínú ẹ̀, tí wọ́n wá ń wà á láti Jámánì lọ sí etíkun Pọtogí lọ́dọọdún kí òtútù má baà pa wọ́n, kí ló tún fẹ́ ṣe bí kò bá kú? Ẹni tó ń wà á nìkan ni kò fura.

Eckhart Brömmel lorúkọ ẹni náà. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ Kassel ní èdè Látìn, èdè tí kò sẹ́ni tó lè fi dá a lóhùn, ìyẹn sì ti mọ́ ọn lára. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, bọ́ọ̀sì yìí ló gba ipò àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Kunigunde. Ó ní òun kì í wo géèjì. Etí lòun fi ń mọ ohun tó ń ṣe é, bí abiyamọ ṣe ń mọ ẹkún ọmọ ẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí géèjì epo Kunigunde ti dúró sórí ìdajì láti ọdún tí wọ́n wó ògiri Berlin, kò sì tíì kúrò níbẹ̀.

Roswitha ìyàwó ẹ̀ ò bá Kunigunde ṣọ̀tá. Ẹ̀yìn tó ń ro ó lówùúrọ̀ àti òjò tó ń jò sí i létí lóru nìkan ló ń bá a ṣọ̀tá. Nígbà Kérésì, nídìí tábìlì nílé ìdáná, tọkọtaya náà bọwọ́ lórí àdéhùn kan, Irmela àbúrò Roswitha sì ṣe ẹlẹ́rìí. Níwọ̀n ìgbà tí Kunigunde bá ń fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn, kò sẹ́ni tí yóò bá Eckhart sọ ọ̀rọ̀ títà. Àmọ́ lọ́jọ́ tó bá gun ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n, wọn á tà á, ọkọ̀ òfuurufú ni wọn yóò sì máa wọ̀ lọ sí fúláàtì Irmela ní Benidorm ní Spéìn, níbi tí ọkọ Irmela ti máa ń ṣàlàyé bí òróòro inú ẹ̀ ṣe rí fún àlejò nígbà oúnjẹ.

"Kó gun ẹ̀yìn kí ni?" Eckhart bú sẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. "Ẹ máa retí ẹ o."

Wọ́n ti lo ìgbà òtútù tán ní Tavira létíkun Pọtogí, wọ́n sì ti ń padà sílé, nígbà tí Roswitha na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

"Eckhart, ilé epo."

"Mo rí i."

"Òun ló kẹ́yìn kó tó di afárá."

"Ìsọdá afárá yẹn ni Spéìn, Roswitha. Pọ́ọ́kú lepo níbẹ̀. Èèyàn wo ló máa ra epo ní Pọtogí nígbà tó ń wo Spéìn lójúkojú? Mo ti ṣírò ẹ̀ lórí."

"Orí kan náà tó ní ká gba ọ̀nà àbùjá lánàá?"

"Ọ̀nà yẹn yá."

"Àwọn ewúrẹ́ ló yá fún."

Wọ́n gun òkè díẹ̀. Odò Guadiana yọ, afárá yọ, Spéìn náà yọ lódìkejì. Kunigunde húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún húkọ́, ó sì dákẹ́. Lórí òpó iná, ẹyẹ àkọ̀ kan gbójú sókè, ó ń lu ẹnu ẹ̀ kọ̀-kọ̀-kọ̀.

Àwọn tó ní irú bọ́ọ̀sì àtijọ́ yìí ní òfin tiwọn. Tí wọ́n bá pàdé lọ́nà, wọ́n á gbọ́wọ́ sókè kí ara wọn. Tí ọ̀kan bá sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, èkejì ò gbọdọ̀ kọjá. Kò pẹ́ tí Detlef ará Bremen fi dé, tí Wubbo ará Groningen tẹ̀ lé e. Oníkálùkù sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpò sípánà ẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ nínú sáńdà. Àmọ́ òfin kan tún wà tó ga ju ìyẹn lọ: wọn kì í bi ara wọn bóyá epo wà nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá bi ọ́ bẹ́ẹ̀ ti kà ọ́ mọ́ àwọn tó ń háyà ọkọ̀ lọ́sẹ̀ kan láti wá ya fọ́tò. Wọ́n lè bi ọ́ nípa ìyàwó tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Wọn ò jẹ́ bi ọ́ nípa epo.

"Kọ́ìlì ni," Detlef ní.

"Kọ́ìlì bàbá ta ni? Púlọ́ọ̀gì," Wubbo dáhùn.

"Ìwọ tí ọkọ̀ tìẹ ń rú èéfín bí ilé tó ń jó!"

"Ṣebí ẹni tó bá ń rìn ló ń rú èéfín. Ìgbà wo ni tìẹ rìn gbẹ̀yìn?"

"Ẹ dákẹ́ kí n gbọ́," Eckhart ní. Ó gbé etí lé ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ò dún, síbẹ̀ Eckhart gbọ́. Ó nàró bíi dókítà tó fẹ́ túfọ̀ fún mọ̀lẹ́bí. "Kábúrétọ̀."

Roswitha yọrí lójú fèrèsé. "Eckhart, nǹkan kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi níbí—"

"Kì í ṣe ìsinsìnyí, Roswitha."

Wọ́n tú kábúrétọ̀ sórí aṣọ tábìlì. Wubbo ki ìka bọ inú ẹ̀. "Epo kankan ò dé ibí. Ó gbẹ bí ìwàásù."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn. Ìbéèrè náà dúró láàárín wọn bí àlejò tí wọn ò fún lága. Detlef húkọ́.

"Pọ́ǹpù ni," ó ní.

"Pọ́ǹpù kúkú ni!" Wubbo gbà á lẹ́nu ẹ̀, inú ẹ̀ dùn.

"Eckhart, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì—"

"Bàtà ẹ á dúró dè ọ́ níbẹ̀, jọ̀ọ́!"

Nígbà tí Roswitha gbé kọfí wá fún wọn, ó tún nàka sẹ́yìn, kò tiẹ̀ tíì lanu. "Obìnrin yìí," ni Eckhart sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, "ọkọ̀ ń kú lọ, ilẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló fẹ́ kí n gbá." Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ́rìn-ín.

Roswitha wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó yíjú sí ìlà oòrùn, sí ọ̀nà Benidorm, níbi tí bẹ́ẹ̀dì ti fẹ̀, tí àjà kì í jò. Ó bu ṣúgà sí kọfí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó jókòó, ó sì mú aṣọ tó ń hun jáde. Kò dárúkọ bẹ́ẹ̀dì mọ́.

Nígbà tí wọ́n to gbogbo ẹ̀ padà, ó ṣẹ́ ku síkúrù kan. "Àfikún ni tẹ́lẹ̀ náà," Wubbo ní. Kunigunde ò dáhùn. Ọlọ́pàá kan dé lórí alùpùpù, ó ní kọ́nà léyìí, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ tílẹ̀ bá ṣú. Detlef mú okùn jáde pé kóun fà á. Ọlọ́pàá ní ẹnì kan kì í fi okùn fa ọkọ̀ gorí afárá yẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ di àpò wọn, wọ́n gbọ́wọ́ sókè bí òfin ṣe wí, wọ́n sì lọ.

Eckhart fúnra ẹ̀ ló pe ọkọ̀ agbọ́kọ̀. Wọ́n so irin mọ́ Kunigunde nídìí, ìdí ló sì fi gòkè sẹ́yìn ọkọ̀ náà, bí arúgbó tí wọ́n ń gbé wọlé. Ẹyẹ àkọ̀ ń pàtẹ́wọ́.

Àwọn méjèèjì jókòó ti dẹ́rẹ́bà níwájú. Wọ́n sọdá afárá sí Spéìn. Ilé epo olówó pọ́ọ́kú kọjá lójú fèrèsé, Eckhart ò wò ó.

"Ohun tó bá ti gbó ti gbó," ó ní. "Ta ni ì bá rí irú èyí ṣáájú?"

"Hẹn."

"Irmela á gbọ́ ọ yé, àbí?"

"Ó ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Eckhart tún yíjú sí i. "Kí lo tiẹ̀ ń nàka sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ látàárọ̀?"

Roswitha hun ìlà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ dópin kó tó dáhùn.

"Kẹ́ẹ̀gì epo ni. Ó kún dẹ́nu."