Ìlà Kẹta Nínú Orin Faransé

Ẹ kú ìsinmi o, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó jí wa, tí ó sì fi ahọ́n sí wa lẹ́nu láti fi pe ara wa.

Obìnrin kan wà tí ó ń lọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn. Láti aago méje àárọ̀ ni yóò ti dúró ti áyọ́ọ̀nù títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi wú. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà lọ́dọ̀ ọkọ lókè òkun, Faransé nìkan sì ni ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà, gbọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí wọ́n pe ara wọn lórí fóònù tí ń fi ojú hàn, ẹ̀rín nìkan ni ìyá àgbà ń rín. Ọmọ náà wò ó títí, ó bá eré rẹ̀ lọ.

Ìyá ọmọ náà túmọ̀ ohun tó sọ: “Màámi, ó ní òun ò bá ẹni tí kì í dáhùn sọ̀rọ̀ mọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ìyá lákínyẹmí ara. Ó béèrè orin tí ọmọ náà fẹ́ràn jù. Orin àwọn ọ̀dọ́ ni, ọmọbìnrin rẹ̀ sì kọ ìtumọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́. Akọrin ìjọ ni ìyá; bí ó ṣe kọ́ orin ìsìn láti kékeré náà ló ṣe kọ́ èyí. Ó há a sórí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń kùn ún lé aṣọ gbígbóná lórí.

Ẹni tí ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pè é níjà. “Màdáámù Faransé! Kí ni wọ́n ń pe fèrèsé?”

Ìyá ní láti kọ ìlà kìíní tán ná, kí ó tó kan ìkejì. “La fenêtre.”

“Háà! Kí ẹ tó dé fèrèsé, olè á ti gba ibẹ̀ wọlé!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìyá mọ ìṣòro ara rẹ̀. Kò lè ṣàdédé mú ọ̀rọ̀ kan láàrin orin.

Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi pé, ó ti ìjọ dé, kò tilẹ̀ lágbára láti bọ́ bàtà. Ojú ọmọ náà yọ lórí fóònù. “Mamie, ça va?”

“Ó ní, ‘Ìyá àgbà, ṣé dáadáa ni?’ Màámi.”

Ìyá ò fẹ́ parọ́. Ó rẹ̀ ẹ́. Ìlà kẹta orin náà ni ‘ó rẹ̀ mí’ sì wà. Ọmọ ti ń wo ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá bá bẹ̀rẹ̀ látòkè, ó ń fa ohùn bí ẹni ń kọrin ìsìnkú.

“Ouvre la porte…” Ìyẹn ni pé, ṣí ilẹ̀kùn.

Ọmọ náà yíjú padà.

“Ouvre la fenêtre…”

Ọmọ náà ń bá a gbè é, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Je suis fatiguée.” Ìyá dúró níbẹ̀, ó fọwọ́ kan àyà. “Fatiguée.”

Ẹ̀rín ọmọ náà rọlẹ̀. Ó sún mọ́ fóònù, ó sọ ohun kan tí kò sí nínú orin.

“Kí ló wí?”

“Ó ní ó rẹ òun náà, Màámi. Kùtùkùtù la máa ń jí i lọ sílé ìwé.”

Ìyá gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Lọ́hùn-ún, ọmọ náà gbórí lé tábìlì. Wọ́n ń wo ara wọn bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bá eré kankan lọ.

Kí Olúwa fún ẹ̀yin náà ní ẹni tí yóò dúró gbọ́ yín títí ẹ ó fi dé ìlà tí ẹ ń wá. Kí ó sì sọ agbára yín dọ̀tun. Àmín.