Imú Tí Sabina Fi Kọ̀ǹpútà Yà

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá ara Sabina yá lọ́jọ́ náà. Ara rẹ̀ yá ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ilé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Bajulaiye ló ti fẹsẹ̀ rìn dé Palmgrove, bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá kún ìgboro. Ó ní kẹ̀kẹ́ máa fi àkókò òun ṣòfò. Dókítà tuntun ló fẹ́ lọ rí. Imú tí wọ́n gé fún un lọ́dún tó kọjá, tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, dókítà yìí ló máa bá a tún un ṣe. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, ó ń dá rẹ́rìn-ín lójú títì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí imú náà ṣe bà jẹ́, nítorí ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á, mi ò sì ní bò ó fún un. Iṣẹ́ Sabina ni kó máa tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ni o, ìwé ìpè ìgbéyàwó ni o, pósítà ọjọ́ ìbí alága àdúgbò ni o, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Bí ikùn bá yọ, á tì í wọlé. Bí ojú bá hunjọ, á nà án. Ṣùgbọ́n imú ló mọ̀ ọ́n tún ṣe jù. Imú tó bá fẹ̀, á fún un pọ̀ títí tí ẹni tó ni ín á fi wo ara rẹ̀ tán tí á sì béèrè pé ṣé òun lẹwà tó báyìí ni.

Imú tirẹ̀ wá rèé, imú ìdílé ni. Ó fẹ̀, ó jókòó, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ìyá bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ni ín nílẹ̀ Ìlàjẹ, ìyẹn gbé e fún bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ gbé e fún un. Sabina kò fẹ́ ẹ. Ó ya imú tuntun fún ara rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé dídán, ó gbé e lọ fún dókítà kan tí mi ò ní dárúkọ. Ó ní, “Bó ṣe wà yìí gẹ́lẹ́ ni kí ẹ ṣe é.” Dókítà yẹn ò béèrè nǹkan kan, ó ṣe é bó ṣe wà níbẹ̀.

Àbí ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tó ń ṣe pósítà, iwájú nìkan ló mọ̀. Pósítà ò ní ẹ̀gbẹ́. Bí èèyàn bá dúró níwájú Sabina, imú náà dára. Bó bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, á rí i pé ó ti rì wọlé láàárín, ihò ọ̀tún sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí, débi pé ẹnu ló fi ń mí bó bá gun àtẹ̀gùn. Wọ́n ní ohun tó bá ojú ló bá imú. Tirẹ̀, imú ló kọ́kọ́ bá kó tó kan ojú, nítorí ó sunkún gan-an.

Nítorí náà, lọ́tẹ̀ yìí, ọmọbìnrin wa ti gbọ́n. Ó ya iwájú, ó ya ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó tún ya ìsàlẹ̀ ibi tí ihò wà. Dókítà Dọlápọ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó wọ awò ojú, wo gbogbo rẹ̀ tán, ó rọra kó o sílẹ̀.

“Ẹ mọ iṣẹ́ yín dáadáa,” ó ní. “Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bí mọ́ yín ni mo fẹ́ rí.”

“Mà, ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́.”

“Mo gbọ́. Àmọ́ wọ́n ti gé ju bó ṣe yẹ lọ níbẹ̀, ẹlẹ́ẹ̀kejì sì máa ń le ju àkọ́kọ́ lọ. Mo gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí n tó mọ ohun tí màá dá padà. Ẹ mú fọ́tò rẹ̀ wá, iwájú àti ẹ̀gbẹ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Mi ò kì í méfò lójú èèyàn.”

Fọ́tò kẹ̀? Sabina fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ta ló ní fọ́tò ju òun lọ ní gbogbo Ṣómólú? Ó fò padà sí ọ́fíìsì, ó tan kọ̀ǹpútà, ó ṣí fọ́tò ọjọ́ ìbí rẹ̀: imú tín-ín-rín. Ó ṣí ti ìgbà tó jáde ní poli: imú tín-ín-rín. Fọ́tò inú fóònù, fọ́tò káàdì ọ́fíìsì, títí kan èyí tó yà nígbà tó ń ṣàìsàn, imú tín-ín-rín ni gbogbo wọn. Kò sí fọ́tò tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ rí tí kò tún ṣe kó tó tọ́jú rẹ̀. Èyí tó wà nínú férémù ní kékeré rẹ̀, omi òjò ti wọlé bà á jẹ́ nílé bàbá rẹ̀ ní Bàríga. Fọ́tò ìdílé nìkan ló kù, òun náà ló sì fún imú bàbá rẹ̀ pọ̀ nínú ìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e kọ́ ògiri, Bàbá béèrè pé, “Ta ni ọkùnrin yìí, kí ló sì ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi?”

Serifat, ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. “Ìwọ náà lo fọwọ́ ara rẹ pa ẹ̀rí rẹ́. Ṣùgbọ́n kí lo tiẹ̀ ń wá fọ́tò sí? Imú yẹn ṣì ń rìn kiri ní Bàríga. Ṣebí ojú bàbá rẹ ló wà.”

Inú Sabina kọ́kọ́ dùn, ẹ̀yìn náà ni ẹ̀rù bà á. Láti ìgbà tó ti gé imú náà, bàbá rẹ̀ kò wo ojú rẹ̀ mọ́. Kò bá a jà, kò sì lé e. Ó kàn ní, “O gbé imú ìye mi sọnù,” nítorí ìye ni wọ́n ń pe ìyá ní Ìlàjẹ, ọma ni wọ́n sì ń pe ọmọ. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ń bá a sọ̀rọ̀, ibòmíràn ló máa ń wò. Bó bá kọ̀ báyìí, iṣẹ́ abẹ parí nìyẹn, imú tó rì yìí ni Sabina máa gbé dé sàréè.

Ó lọ bẹ́ẹ̀ náà. Ó bá a létí ọ̀sà níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe, ó kúnlẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Bàbá Samson, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá rẹ̀, fa òwú já. “Imú tèmi ni dókítà fẹ́ rí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Èyí tí o ní kò dáa?”

“Òun náà ni, sà.” Ojú tì í gan-an. Ó yọ fóònù jáde kíákíá. “Ẹ jẹ́ kí n yà yín lẹ́ẹ̀kan péré, màá sì máa lọ.”

“Rárá o. Fọ́tò tó bá gba ọwọ́ rẹ kọjá, ìyá tó bí mi ò ní dá mi mọ̀ níbẹ̀. N óò gbé imú mi lọ fúnra mi.”

Ẹ wá wo ayọ̀! Kò jọ pé ilẹ̀ máa mọ́ fún Sabina. Nígbà tó mọ́, Bàbá ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ funfun tó ń wọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde. Nínú kẹ̀kẹ́, ó na ọrùn, ó gbé imú síwájú bí ẹni tí ìjọba ránṣẹ́ pè. Sabina ń wò ó tẹ̀ríntẹ̀rín.

Dókítà Dọlápọ̀ fi rúlà kékeré wọn imú Bàbá, ó yà á níwájú, ó yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kó yíjú sọ́tùn-ún, ó yí i. Ó ní kó gbójú sókè, ó gbé e. Nígbà tó yá, inú dókítà fúnra rẹ̀ dùn.

“Mo ti rí ọ̀nà báyìí,” ó ní. “Ó ṣeé ṣe. Ó máa mí dáadáa. Kò ní rí bíi tàtijọ́ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n á jọra bíi tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Eegun rírọ̀ díẹ̀ ni màá mú lẹ́yìn etí rẹ̀, màá fi dí ibi tí wọ́n gé.”

“Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe é, mà,” Sabina dáhùn kí dókítà tó pa ẹnu dé. “Bíi ti bàbá mi.”

Bàbá Samson na ọwọ́. “Ẹ dúró ná, dókítà. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ gé etí ọmọ mi?” Ó fi ìka kan imú rẹ̀. “Ẹ gé e níbí. Ó tóbi tó ẹni méjì.”

“Bàbá, ara òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti wá.”

“Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́,” bàbá ní, “ara ta ló ti wá?”

Sabina fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bọ́ jáde, imú tó dí sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Bàbá yọ aṣọ ìnujú lápò, ó yíjú sí i, ó wò ó lójú kòróó, ó gbé aṣọ náà sí imú rẹ̀.

“Fọn imú rẹ, ọma mi,” ó ní. “Fọn ọ́n jẹ́jẹ́.”