Òpó Kan ní Pàlẹ́mò

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yin ibi tí n kò dé rí. Ọ́fíìsì wa ní Yaba ń ta ìrìn-àjò ìgbafẹ́ fún àwọn tó lè rí físà gbà, èmi ni mo sì ń kọ ohun tí wọ́n á kà tí ọkàn wọn á fi fà síbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, Margaret, ọ̀gá wa, ní kí n kọ̀wé nípa Sísílì, erékùṣù ńlá tó wà nísàlẹ̀ Ítálì. Ó ní kí n jẹ́ kó dùn. Kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n sin ẹ̀gbọ́n mi sí.

Òkun ló gbé Muadh. Ọkọ̀ ojú omi tó wọ̀ láti Líbíà dojú dé nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n gúnlẹ̀. Iṣẹ́olúwa, tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀, tó sì yè é, ló pè mí. Ó ní nọ́ńbà ni wọ́n kọ sí sàréè rẹ̀, wọn ò kọ orúkọ.

Bọ̀dá Awwal, àbúrò bàbá wa, ní ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi kò lè gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ká fi pa mọ́ fún wọn ná. Ó ní ká má sọ fún Husnah, àbúrò wa tó ń dirun ní Mushin, torí kò lè pa ẹnu mọ́. “Ná” yẹn ló di ọdún kan àbọ̀.

Bí Màámi bá ti bi mí pé Muadh ńkọ́, mo ní fóònù rẹ̀ ti bàjẹ́, pé orí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì la ti ń kọ̀wé síra wa. Irọ́ náà ń fẹ́ oúnjẹ, inú iṣẹ́ mi ni mo ti ń bu fún un. Mo ní Muadh ń ká ọsàn nísàlẹ̀ òkè kan tó ń rú èéfín, tí yìnyín sì bo orí rẹ̀. Mo ní ó lọ wo eré àwọn ọmọlangidi tó wọ ẹ̀wù irin, tí wọ́n ń fi idà bára wọn jà. Èyí tó wọ Màámi lára jù ni ti òpó kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Pàlẹ́mò, olú ìlú Sísílì, tí ọ̀rọ̀ Kùránì ṣì wà lára rẹ̀ láti ayé àwọn Lárúbáwá. Wọ́n ní kí n bi Muadh bóyá ó ti fọwọ́ kàn án. Mo ní gbogbo Jímọ̀ ni. Kí n má tàn yín, èmi náà ń gbádùn irọ́ yẹn. Ó ń jẹ́ kó dà bíi pé ó ṣì wà.

Husnah a máa jókòó sórí ẹní, á máa gbọ́. Mi ò kà á sí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Wọn ò sọ ẹni tí irọ́ náà á ti gbé lọ kó tó di ọjọ́ yẹn.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, Husnah wọ mọ́tò ní Jíbówú. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Kánò fẹ́ gba òun síṣẹ́. Mo bá a gbé báàgì rẹ̀ dé ẹnu mọ́tò, mo sì ṣàdúrà fún un.

Ní Sátidé tó kọjá ni Màámi pè mí wọ yàrá, inú wọn ń dùn. Wọ́n ní kí n má bínú, àwọn àti Husnah ló jọ pinnu láti fi ibi tó ń lọ pa mọ́ fún mi, torí mo lè dá a dúró. Wọ́n wá tẹ fóònù kí n gbọ́ ohùn Husnah. Láti ọjọ́ Jímọ̀ ló ti fi ránṣẹ́.

“Màámi, Líbíà ni mo wà. Àárọ̀ ọ̀la la máa wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ ní kí Àǹtí Kúdí sọ fún Ẹ̀gbọ́n Muadh kó wá dúró dè mí létí omi. Òpó yẹn ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ mú mi lọ.”

Mo pe nọ́ńbà náà. Kò wọlé. Mo tún pè é, mo tún pè é. Màámi ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n fi fóònù sílẹ̀, kí n yáa kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi kó má baà pẹ́ dé etí omi.

Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ ọ́: ọkọ̀ tó dojú dé, itẹ́ òkú, nọ́ńbà. Mo sọ pé kò sí Jímọ̀ kankan tí Muadh fọwọ́ kan òpó kankan.

Màámi ò sunkún. Wọ́n wo fóònù ọwọ́ wọn, wọ́n wò mí.

“Kúdí, ta ló wá máa dúró dè é?”