Ọmọ Iléèwé Mama Kamlesh

Bí wọ́n bá ní kí ẹnì kan wá kọ orúkọ àwọn ọlọ́gbọ́n tó wà ní Woolwich sílẹ̀, Gbénró Adégbóyè ni yóò kọ́kọ́ fa bírò yọ, orúkọ tirẹ̀ ni yóò sì fi ṣáájú. Ó ti ṣe igbá-kejì ọ̀gá iléèwé girama rí ní Ìkìrun, ọdún mọ́kànlélógún ló sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní gírámà òyìnbó. Nígbà tí físà gbé e dé London, tó di ẹni tí ń pààrọ̀ ìlédìí fún arúgbó ní Thamesmead, ó gbà á bí ọkùnrin. Ṣùgbọ́n táì kò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Abẹ́ aṣọ iṣẹ́ ló máa ń fi í sí. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní kò dára, pé aláìsàn lè dì í mú. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, aláìsàn kan kò tíì di òun lọ́rùn mú.

Mama Kamlesh ló gbé ọ̀rọ̀ Híńdì dé. Ìyá Íńdíà ni, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, tí fúláàtì rẹ̀ kọjú sí adágún omi ní Thamesmead. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Tíṣà ni òun náà nígbà ayé rẹ̀ ní Kanpur. Híńdì ló kọ́ àwọn ọmọ. Àìsàn ìgbàgbé ti wá gba gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ṣa aṣọ lórí okùn, Híńdì nìkan ló kù. Fóònù ògbufọ̀ kan wà tí àwọn olùtọ́jú máa ń pè tí wọ́n bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Gbénró kà á sí ìtìjú. Ṣé òun, odidi Gbénró, ni yóò máa ti inú fóònù bá tíṣà ẹgbẹ́ òun sọ̀rọ̀?

Ó ra ìwé gírámà Híńdì kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àlòkù ní Powis Street. Orí mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú ìwé náà, ẹ káàárọ̀, ṣé dáadáa lẹ jí, mo fẹ́ omi, ó ní ti àwọn ọmọdé ni. Ó fò wọ́n. Orí kọkànlá ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí ọ̀rọ̀ ìṣe ṣe ń di ọ̀rọ̀ àpèjúwe.

Kí á sọ òtítọ́, orí náà dùn. Àwa Yorùbá, a ní láti sọ pé "omi tó ń ṣàn", a ó fi "tó ń" so ìṣe mọ́ omi bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn. Híńdì kò ní sùúrù yẹn. Ó mú ìṣe, ó dá a láṣọ, ó gbé e wọ ọ̀rọ̀ orúkọ: behta paani. Bí orúkọ bá jẹ́ abo, aṣọ abo ni yóò rán fún un: behti nadi, odò tó ń ṣàn. Bí wọ́n bá pọ̀, aṣọ ọ̀pọ̀: hanste bachche, àwọn ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín. Bí Gbénró bá fi omi gbígbóná sí tíì ìyá náà láàárọ̀, á ní, "Behta paani!" Ìyá náà á gbé ojú sókè, ojú tíṣà tó rí ọmọ tuntun ní kíláàsì, á ní, "Shabash, beta," ó ṣeun, ọmọ mi. Bó bá ṣì í, á fi ìka méjì gbá a lẹ́yìn ọwọ́, á tún un ṣe. Gbénró kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gẹ̀ẹ́sì òun ṣe rí láyé, ṣùgbọ́n gbígbá ìka méjì yìí, ó ń dùn mọ́ ọn.

Ó sọ fún ọ́fíìsì pé òun ti ń gbọ́ Híńdì. Inú ọ́fíìsì dùn; wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì ìyá náà pé ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́ èdè rẹ̀. Ó sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sọ fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì 177, tí kò bi í.

Ẹni tí kò rí i bẹ́ẹ̀ ni Oyinadé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ọmọ Ọ̀ffà, òun àti Gbénró ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìyá náà, nítorí ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ hoist tí wọ́n fi ń gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Daddy, ẹ bá mi sọ fún màmá kí wọ́n gbé apá ọ̀tún."

"Ìyẹn kò sí ní orí tí mo wà."

"Orí wo lẹ wà, sir?"

"Ìkọkànlá. Ìṣe tó di àpèjúwe."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ìṣe tó di àpèjúwe kó wá di hoist mú lápá ibí."

Gbénró rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ní ẹnu, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀kọ́ ilé. Kò sí ìgbà tó bá òun sọ̀rọ̀ tí kò fi "ẹ" síwájú.

Nínú oṣù kọkànlá ni Mama Kamlesh bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ oúnjẹ kù. Bí wọ́n bá yí i padà láti nu ara rẹ̀, á di ikùn mú, á sọ gbólóhùn kan. Ọjọ́ kejì, gbólóhùn kan náà. Gbénró á na ọwọ́ sí fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí adágún, á ní, "Doobta sooraj!" oòrùn tó ń wọ̀. Ìyá náà á wò ó títí. Á wá ní, "Shabash, beta." Ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i, Gbénró sì rò pé kíláàsì ló ń sú u. Nínú fóònù iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ bí aláìsàn ṣe lo ọjọ́, ó kọ ọ́ pé ara rẹ̀ balẹ̀, pé àwọn jọ sọ Híńdì. Ó kọ ọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Lọ́jọ́ Túsìdeè, ó ṣe àdàkọ ti Mọ́ńdè.

"Daddy, ọ̀rọ̀ kan náà ni màmá ń sọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kí ni wọ́n ń wí?"

"Wọ́n ń rántí ilé."

"Ikùn ni wọ́n ń dì mú o."

"Ẹni tó bá ń rántí ilé, kí ni kó dì mú? Orúnkún?"

Oyinadé rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín yẹn ló kọ́kọ́ kábàámọ̀.

Ní Tọ́sìdeè, nọ́ọ̀sì tí ń yí ilé ká wá pààrọ̀ báńdéèjì ẹsẹ̀ ìyá náà. Michael lorúkọ rẹ̀, òyìnbó pẹ̀lẹ́ kan. Ó di báńdéèjì tán, ó wò ó pé ìyá náà ti rù. Ó ní ṣé kò sí ibi tó ń dùn ún báyìí? Ó ti fa fóònù yọ kó pe ògbufọ̀.

Gbénró gbé ọwọ́ sókè. "Má yọ ara rẹ lẹ́nu. Mo gbọ́ Híńdì."

"Ọlọ́run ṣeun," ni Michael wí, ó sì dá fóònù padà sápò. "Bi í pé ṣé ibì kan ń dùn ún, àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀."

Gbénró yíjú sí ìyá náà, ó ṣí ẹnu, ó sì rí i pé òun kò mọ ohun tí wọ́n ń pe ìrora ní Híńdì. Oòrùn wà ńlẹ̀. Odò wà ńlẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín wà ńlẹ̀, ogún. Fóònù Michael ṣì wà nínú àpò, kò jìnnà ju apá kan lọ. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ, pé òun kò gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀.

"Mataji," ìyá mi, ó ní, "behti nadi?"

Ìyá náà wo Gbénró, ó wo òyìnbó. Ó rọra gbé ọwọ́ lé ikùn, ó sì sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ó ń sinmi láàárín rẹ̀ bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Gbénró ń mi orí, irú mímì tó máa ń mì nígbà tí ọ̀gá àgbà bá ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Ó mọ ọ̀rọ̀ méjì níbẹ̀, omi àti ọjọ́.

"Ó ní kò sí wàhálà," ó sọ fún Michael. "Odò kan ní ìlú wọn ló ń rántí. Ọjọ́ ti pẹ́."

Oyinadé la ẹnu. Gbénró wò ó. Kì í ṣe ìwò ìbínú o. Ìwò ẹni tí aṣọ ń bọ́ lọ́wọ́ lójú ọjà ni. Àwọn òbí ọmọ náà ti kọ́ ọ pé a kì í tú àgbà sí ìhòhò níwájú àlejò, ó sì jẹ́ ọmọ tó gba ẹ̀kọ́. Ó pa ẹnu dé, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìbọ̀sẹ̀ wọ ìyá náà. Michael kọ ohun tí wọ́n sọ fún un, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n bá Mama Kamlesh tó tutù bí omi kànga, ojú rẹ̀ bí eérú, èébì dúdú lára ìrọ̀rí. Oyinadé ti pe áḿbúláǹsì kí Gbénró tó rí ibi gbé báàgì rẹ̀ sí. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Woolwich Common. Ọ̀sán ti pọ́n kí dókítà tó jáde sí wọn. Ìfun rẹ̀ ti lu, ó ní, láti bí ọjọ́ mélòó kan. Ara rẹ̀ kò lè gba ọ̀bẹ mọ́. Ohun tó kù ni kí wọ́n má jẹ́ kó jẹ̀rora.

Òṣìṣẹ́ kan wà ní wọ́ọ̀dù náà, Faiz, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Lucknow ní Íńdíà, Híńdì sì wà lẹ́nu rẹ̀. Òun ló jókòó ti ìyá náà, tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá bá àwọn méjèèjì nídìí fèrèsé.

"Ta ni ọmọ iléèwé nínú yín?"

Oyinadé fi àgbọ̀n júwe Gbénró.

"Uncle," ni Faiz wí, "ó ní kí n má nà yín."

"Kí ló dé tí wàá fi nà mí?"

"Ó rò pé èmi ni ọ̀gá iléèwé. Ó ní láti bí ọjọ́ mẹ́sàn-án lòun ti ń sọ fún yín pé inú ń gún òun bí ọ̀bẹ, pé kí ẹ bá òun pe dókítà, omi pàápàá kò dúró níkùn. Pé bí òun bá ti sọ ọ́, ẹ̀yin á ní oòrùn tó ń wọ̀. Ó ní òun sọ ọ́ fún òyìnbó kan pẹ̀lú, ẹ̀yin lẹ sì ń túmọ̀." Ọmọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Ó ní kí n má nà yín, pé nǹkan kì í tètè yé yín ni, ṣùgbọ́n ẹ kì í pa kíláàsì jẹ."

Gbénró yíjú sí fèrèsé. Lóde, wọ́n ń fi ajá ṣeré lórí koríko Common. Bárékè àwọn ológun nà gbọọrọ lẹ́yìn wọn, funfun, bí eyín.

"Daddy," ni Oyinadé wí. Omi wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Wọ́n máa ní kí a kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo máa kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Bí ẹ ṣe sọ ọ́, àti bí mo ṣe dákẹ́. Ẹ máa bínú sí mi."

"Kọ ọ́," ni Gbénró wí.

Ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọpọlọ rẹ̀, ọpọlọ aláìlójútì yẹn, ti ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an: marti hui aurat, obìnrin tó ń kú lọ. Ó ti rán aṣọ abo fún un, ó bá a mu, kò sí ibi tó fún, kò sí ibi tó ṣò. Ó ti eyín pọ̀ kí ó má bàa jáde.

"Faiz," ó ní nígbà tó yá, "báwo ni wọ́n ṣe ń sọ pé kò yé mi?"

"Samajh nahin aaya. Kò sí nínú ìwé yín ni?"

"Orí kejì ló wà. Mo fò ó."

Ó tú táì kúrò lọ́rùn kó lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó sì fi ẹnu sétí ìyá náà. "Mataji. Samajh nahin aaya."

Ojú ìyá náà là díẹ̀. Ètè rẹ̀ mì. Ìka méjì gbéra lórí aṣọ ìbora, wọ́n kan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ́.

"Ó ní kí ẹ tún un sọ," ni Faiz wí.

Ó tún un sọ. Ìka náà gbéra. Ó tún un sọ. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ìka náà kò gbéra mọ́. Oyinadé di èjìká rẹ̀ mú, ó ní, "Ó ti tó, sir," Faiz sì dìde lọ pe dókítà. Gbénró tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ketekete, kò sì ṣì í.